Gba Ipò Kẹrin, Sìlífátù

Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Ajé.

Sìlífátù ọmọ mi,

Gbèsè ni kí á kọ́kọ́ san kí á tó kí ara wa, nítorí ẹni tó jẹ gbèsè tó wá ń kí ni ní kíkí gígùn, ọgbọ́n ló ń dá. Ọ̀rọ̀ kan ni mo jẹ ọ́. Wáyà tí mo tẹ̀ sí ọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti pósófíìsì Sápọ̀n, èyí tí mo fi ní kí o má gba ipò kẹrin nínú eré ọ̀pá yín, fà á ya. Tí o bá ti fi han kóòṣì yín, sọ fún un pé ìyá rẹ ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, àti pé kò sí ẹni tó fi ipá mú un. Gba ipò kẹrin náà. Tí Fọlákẹ́mi bá sì ń gbé ọ̀pá bọ̀, kẹ̀yìn sí i, kí o na ọwọ́ kan ṣoṣo sẹ́yìn gbà á. Èmi ìyá rẹ ni mo wí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, wàá kà á níwájú. Gbèsè ti kúrò lọ́rùn mi, ẹnu mi wá gbà mí láti kí ọ.

O kú àjò, o kú àárẹ̀ eré sísá, o kú oúnjẹ àjèjì. Ṣé alàáfíà lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbọ́ tìrẹ? Ọlọ́run tó gbé ọ kọjá lórí òkun tí kò jẹ́ kí o já bọ́, òun náà ni yóò gbé ọ padà wá bá mi. Iṣan itan rẹ kò ní fà, òkúta kò ní gún ọ lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá sáré tẹ̀lé ọ kò ní bá ọ, ẹni tí o bá sáré tẹ̀lé kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Mọ́nsúrù àbúrò rẹ ti ríṣẹ́ sí Ewékorò, ó ń ru sìmẹ́ǹtì sínú ọkọ̀ àjàgbé, tó bá sì dé nírọ̀lẹ́, gbogbo irun orí rẹ̀ a ti funfun bíi ti baba arúgbó, èmi a sì kúnlẹ̀ kí i pé ẹ káàbọ̀, bàbá wa. Ó máa ń bínú, ṣùgbọ́n kì í bínú débi kó má jẹun. Láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀ ni àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo tí mo ń tà ti ń dé ọwọ́ mi ní ẹ̀dínwó, èmi a gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù, èmi a tà á fún àwọn aránṣọ tó ń fi gé àwòrán aṣọ àti àwọn olóbì tó ń fi wé obì. Ọjà náà ń lọ, a dúpẹ́.

Ọpẹ́ ló kún ẹnu mi jù lọ, Sìlífátù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ ní Èkó tó ní kí o máa lọ, tó sì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ yóò dúró dè ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì Olúṣẹ̀yẹ tó rí ẹsẹ̀ rẹ láàárín ẹsẹ̀ gbogbo tó wà ní Èkó. Tí mo bá rántí pé ẹsẹ̀ yìí náà ni mo ń lù ní kékeré pé kí o yéé sáré nínú ilé kí o má baà fọ́ àwo, ẹ̀rín máa ń pa mí, ojú sì máa ń tì mí díẹ̀. Bá mi sọ fún un pé àwo kan ṣoṣo lo fọ́.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo fẹ́ kí o là mí lọ́yẹ̀. O ní erékùsù ni Jàmáíkà tí ìjọba kó yín lọ, pé omi ló yí i ká. Mo bi Sísítà Lydia léèrè, nọ́ọ̀sì tó kọ́lé ti ilé wa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an, erékùsù ni. Ó yà mí lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo ti lọ ra àwo lọ́jọ́sí, orí afárá ni mo gbà, ọkọ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí ẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò fi parí afárá ti Jàmáíkà, tó fi jẹ́ pé inú òfuurufú ni wọ́n ń gbé ọmọ ọlọ́mọ gbà? Bóyá agbaṣẹ́ṣe ti kówó sá lọ. Tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́? Odò Ògùn lásán tí kò tó ìka ọwọ́ òkun, tó bá kún, ilé àwọn ará Láfẹ́nwá ló ń wọ̀. Tí òkun bá kún, ibo lẹ ó gbà? Mo rò ó títí, mo ní àbí nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ yín ní eré sísá níbẹ̀.

O tún ní tí a bá ń jẹ oúnjẹ alẹ́ níbí, oòrùn ọ̀sán ṣì ń pa yín lọ́hùn-ún. Sísítà Lydia fi ọsàn kan àti àtùpà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ wa ni ọjọ́ kọ́kọ́ ń dé kí ó tó kàn yín. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Tí mo bá kírun Àsùbá tán báyìí, èmi a fara balẹ̀ wo ọjọ́ náà tinú tẹ̀yìn, tí n kò bá rí ohun burúkú kankan nínú rẹ̀, èmi a ní ó yá, máa lọ bá Sìlífátù. Nítorí náà fọkàn balẹ̀, kò sí ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ tí ìyá rẹ kò tíì yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. O ní bàbá tó ń se oúnjẹ fún yín, iṣin ló ń fi ẹja oníyọ̀ sè ní àárọ̀. Iṣin! Èyí tí àwọn ọmọ ń ṣà lábẹ́ igi lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dá iye lé rí? Ẹ̀yin tí ìjọba ní kí ẹ lọ gba agbára, ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré ni wọ́n ń gbé fún yín. N kò ní kí o má jẹ ẹ́, ojú kì í ti àlejò láti jẹun, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá fúnra rẹ̀ la ẹnu lórí igi, má fi kan ẹnu tìrẹ, pípa ló ń pani. O sì ní bàbá yìí kan náà sọ fún ọ pé abúlé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Sìlífátù, nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé lẹ́tà sílẹ̀. Ta ló gbé orúkọ wa débẹ̀? Wọn kò gbé òkúta lọ, orúkọ nìkan ni ọwọ́ wọn lè mú. Tí ààyè bá wà, bá mi débẹ̀, béèrè bóyá ará Òwu wà nínú wọn, kí o sì kí wọn dáadáa. Sọ fún wọn pé àwa tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tíì kó kúrò, pé ẹnu ọ̀nà ilé ṣì wà níbi tó wà. Kí o tó kúrò níbẹ̀, béèrè bóyá àwọn aránṣọ wọn ń lo àpò sìmẹ́ǹtì.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Èmi àti Sísítà Lydia la jọ ka lẹ́tà rẹ. Ó yé mi pé ẹ̀yin ọmọbìnrin mẹ́rin ni, ọ̀pá kan ni, àkọ́kọ́ yóò gbé e sáré fún ìkejì, ìkejì fún ìkẹta, ìkẹta fún ìkẹrin, ìkẹrin yóò gbé e délé. O ní kóòṣì fẹ́ kí ìwọ jẹ́ ìkẹrin, kí o máa gba ọ̀pá lọ́wọ́ Fọlákẹ́mi. O ní ìgbà tó o gbìyànjú ẹ̀, ọ̀pá bọ́, ẹ tún un ṣe, ó tún bọ́, nítorí Fọlákẹ́mi jù ọ́ lọ, ó ti bímọ méjì, ara rẹ kò gbà á láti kẹ̀yìn sí i kí o na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni ń gba owó orí, kó o tó mọ̀, o ti yíjú sí i, o ti tẹ eékún, o ti na ọwọ́ méjèèjì. O ní gbogbo pápá ló rẹ́rìn-ín. O ní kóòṣì ti fún ọ di ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, pé ọjọ́ náà ni yóò kọ orúkọ ẹni mẹ́rin, tí ọ̀pá bá tún bọ́, ẹlòmíràn ni yóò fi sí i, ìwọ yóò sì padà sí ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. O ní kí ni mo rí sí i.

Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ọmọ tó rékọjá òkun tí kò gbàgbé bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo bímọ. Mo ka ibẹ̀ sí etí gbogbo ará ilé. Àmọ́ ti ipò kẹrin yẹn, mo ní irọ́ ni, wọ́n fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. O mọ̀ pé n kò mọ eré sísá, èésú ni mo mọ̀. Nínú èésú, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o, ó ti jayé, ẹni tó bá kẹ́yìn, gbogbo ayé ló ti bọ́ kí ó tó kàn án. Ìgbà tí mo kẹ́yìn èésú Títílọlá, ìgbà tó máa fi kàn mí, Títílọlá ti dé Kùtọnù. Mo wá ní kí ni wọ́n rí lára ọmọ opó tí wọ́n fi fi í sẹ́yìn? Kí ó tó kan ìwọ, àwọn mẹ́ta ti lo ọ̀pá náà gbó. Ni mo bá gba Sápọ̀n lọ.

Akọ̀wé pósófíìsì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀. Mo ní kíkí náà ńkọ́? Ó ní kíkí náà. Mo ní àdúrà ńkọ́? Ó ní àdúrà náà. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ tún un sọ, bóyá n kò gbọ́ dáadáa, ìjọba wo ló ń gba owó lórí àmín? Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Mo bá yọ kíkí kúrò, mo yọ àdúrà, mo yọ orúkọ rẹ nítorí o mọ ara rẹ, ohun tó kù nílẹ̀ ni Má gba ìkẹrin. Ìdí nìyẹn tí wáyà náà fi rí bí ọ̀rọ̀ ìbínú. N kò bínú o. Gbogbo àdúrà tí mo yọ, mo gbà á fún ọ lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀ wá sílé, ọ̀fẹ́ ni.

Lánàá òde yìí ni ojú mi là. Wọ́n ń da kọnkéré òkè mọ́ṣáláṣí wa, ibi tí àwa obìnrin yóò ti máa kírun. Tọkùnrin tobìnrin ló jáde, èmi náà jáde nítorí láàdá, mo sì ti bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èmi ni n ó kó àwọn àpò òfìfo. Dìran bíríkìlà tò wá láti ìdí ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré títí dé orí àkàbà, pé kí a máa fi páànù tí wọ́n bu kọnkéré sí lé ara wa lọ́wọ́ títí tí yóò fi dókè. Mo ti lọ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ní tèmi, nídìí àpò, níbi tí lèmọ́mù ti lè rí mi, tí omi tútù sì wà nítòsí. Ni Dìran bá ní kí n máa bọ̀ lókè, pé èmi ni n ó gbẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo bi í bóyá torí ọkọ mi ti kú ló ṣe fẹ́ fi mí sẹ́yìn níbi gbogbo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, ó ní ẹni tó bá dà á nù ní ìsàlẹ̀, ṣọ́bìrì kan la ó fi kó o padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dà á nù lókè, òógùn gbogbo èèyàn tó wà lórí àkàbà ló dà nù. Ó ní òun ti wo gbogbo wa, òun kò rí ẹni tí nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bíi tèmi, ó ní bí mo ṣe ń di owó mú ni kí n lọ di páànù mú. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín gidi, ṣùgbọ́n mo gùn ún. Mo wọ ṣòkòtò bàbá rẹ sábẹ́ ìró kí n tó gùn ún, kí afẹ́fẹ́ má baà tú mi ní àṣírí.

O mọ ẹni tó wà lórí àkàbà nísàlẹ̀ mi, tí n ó máa gba páànù lọ́wọ́ wọn? Ìyá Sàlàhúdíìnì ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí wọ́n ti wà nínú ilé yìí kí n tó dé e, tí n kì í gba omi lọ́wọ́ wọn lórí ìdúró. Páànù àkọ́kọ́ dé. Wọ́n nà án sókè sí mi. Ara mi ló ṣe é, Sìlífátù, kì í ṣe èmi. Mo tẹ eékún, mo ní ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san, kí n tó parí rẹ̀, páànù ti yẹ̀, kọnkéré ti dà sí wọn lórí gèlè. Wọ́n ké láti orí àkàbà pé ṣé mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ pa àwọn ni. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ mi ti wọ àwọn lójú, ó ti wọ àwọn létí, kí n jọ̀wọ́ gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn kí n kọjú síbi iṣẹ́, ìgbà tí a bá sọ̀kalẹ̀, kí n kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Dìran náà fi ọwọ́ lérí, ó ní kọnkéré kò mọ àgbà, ó ń dì lọ.

Láti ìgbà náà, n kò wo ojú wọn mọ́. Èmi a na ọwọ́, ìwúwo rẹ̀ a dé ọwọ́ mi, èmi a ti yí padà, èmi a dà á síbi tó yẹ, ọwọ́ mi a tún ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Kò sí ẹ ṣeun, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Ó dùn mí nínú bí ìgbà tí mo ń ṣe àìdáa. Àmọ́ kò sí páànù kan tó tún bọ́. Nígbà tó yá, mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí gbogbo wọn ní ìlà kan ṣoṣo títí dé ìdí òkìtì, gbogbo wọn ń làágùn, gbogbo wọn sì gbé ojú sókè sí ọwọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀pá rẹ. Mo ní háà, ibi tí wọ́n fi ọmọ mi sí nìyí. Mo ní èmi tí mo lọ fi owó ara mi tẹ wáyà pé kí ó sọ̀kalẹ̀!

Nígbà tí a parí, mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Sàlàhúdíìnì nínú ẹrẹ̀ sìmẹ́ǹtì, mo kí wọn ní gbogbo kíkí tí mo jẹ wọ́n láti òkè, mo sì bá wọn fọ gèlè náà. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n rí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bàbá rẹ lábẹ́ ìró mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde. O rántí pé àwọn ni wọ́n ní fọ́tò tí o wọ ṣòkòtò péńpé kò gbọdọ̀ kọ́ sára ògiri. Wọ́n ní kí n lọ gbé e jáde. Wọ́n ní iṣẹ́ ló mọ aṣọ tó yẹ òun. Ó ti wà lára ògiri pálọ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ fọ́tò bàbá rẹ ni mo gbé e kọ́ sí.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o má kẹ̀yìn sí àgbà, èmi náà ni mo sì ń tú ọ sílẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá yóò fi kúrò lọ́wọ́ Fọlákẹ́mi dé ọwọ́ rẹ, o kì í ṣe àbúrò ẹnikẹ́ni. Na ọwọ́ kan, má wo ojú rẹ̀, má kí i, dúró de ìwúwo rẹ̀, kí o sì máa lọ. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò sọnù, o kàn jẹ ẹ́ ní gbèsè ni, ìgbà tí ẹ bá parí, kí gbogbo pápá dúró, lọ kúnlẹ̀ fún un kí o san án. Ọmọ mi ni ọ́, o kì í jẹ gbèsè pẹ́. Tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ pé òógùn àwọn mẹ́ta lè dà nù lọ́wọ́ rẹ, ó yẹ kí ó bà ọ́. Ó ba èmi náà lórí àkàbà. Ẹni tí kò bà ni Dìran kì í fi síbẹ̀.

Ìbéèrè mi kò pọ̀. Sísítà Lydia ní wọ́n ń fún yín ní owó ìnáwó díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Mo ti wo ṣòkòtò péńpé inú fọ́tò náà dáadáa, kò ní àpò kankan. Ibo lo wá ń kó owó sí? Kí olè má baà yọ ọ́ lẹ́nu, dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ kó o fi rán Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ sí mi tó bá ń bọ̀, n ó fi ra páànù ìbolé tí n ó fi bo ibi tí mo ń kó àpò sí, òjò ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ yìí náà ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀, ìyá rẹ̀ ló wá kí níbí, Ọjọ́bọ̀ ni yóò kó bàtà yín wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì ti búra fún mi pé kí ó tó fún ẹnikẹ́ni ní bàtà, lẹ́tà rẹ ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ti ọ̀pá náà, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló parí sí, tí kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn rẹ, mo rò pé tìrẹ ni. Gbé e bọ̀. Mo ti kan ìṣó kan mọ́ ògiri lábẹ́ fọ́tò rẹ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gba ohun tó tọ́ sí i. Ohun rere tí wọ́n bá na sí ọ kò ní bọ́. Bí o ṣe kẹ́yìn gbà á, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbé e délé. Mo dúpẹ́ pé èmi ni mo bí ọ.

Má tẹ wáyà padà, o ti mọ̀ pé owó ni wọ́n ń gbà lórí àmín. Tẹ́lífóònù ilé Sísítà Lydia ni kí o pè, òun yóò ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, n ó ti wẹ̀, n ó ti wọ aṣọ tó dára. Kúnlẹ̀ tí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ yàtọ̀, n ó mọ̀. Kí o tó sọ ohunkóhun mìíràn, sọ fún mi bóyá ó bọ́ tàbí kò bọ́, lẹ́yìn náà kí o wá kí mi. Èmi Bùsírátù ìyá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, n ó ti jókòó ti tẹ́lífóònù náà, mo ń retí rẹ ní ọjọ́ Àìkú.